Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́: Orísun Wọn, Ìyípadà Wọn, àti Ẹ̀sùn tí a fi kan Àwọn Tí Ó Túmọ̀ Bíbélì Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá èdè mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ènìyàn mu. Èdè tí ó ti pẹ́ láyé ní àkísà púpọ̀, èyíinì ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti wọ̀ gbó, tí a sì ká sí ìsàlẹ̀ àpótí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ irú èdè bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò lò mọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ wọn ti yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fi ìtumọ̀ òde òní ka ìwé àtijọ́ yóò ṣìnà. Irú ọ̀rọ̀ kejì yìí léwu ju ti èkíní lọ. Ọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀ rí yóò mú wa béèrè; ọ̀rọ̀ tí a rò pé a mọ̀ ni ó ń tan ni jẹ.

Ohun tí ó mú wa kọ ìwé kékeré yìí ni ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa ní ìpàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ìjọ kan. A ń ka Episteli kìíní sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí kẹrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 lọ́wọ́ dìde, ó sì wí pé, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe bínú sí mi. Ní ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún, Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ náà ‘prevent’, èyí tí í ṣe láti dí ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá wí pé ṣíṣáájú. Ṣé dídí ènìyàn lọ́wọ́ ni a ń pè ní ṣíṣáájú rẹ̀? Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì wa kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa.” Bàbá àgbàlagbà tí ń kọ́ wa dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Ọmọ mi, bí a ti bá a ni a ń kà á.”

Ìdáhùn náà kò tẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́rùn, kò sì tẹ́ àwa náà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a délé ni a wo inú àwọn ìwé, a sì rí i pé kì í ṣe àwọn baba wa ni ó ṣìnà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó ti ṣí kúrò ní ibùgbé rẹ̀. A ó sọ bí ó ti ṣí, àti bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣí pẹ̀lú. Nígbà náà ni òǹkàwé yóò lè ṣe ìdájọ́ fúnra rẹ̀.

I. Ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wá

Kì í ṣe ìran kan ṣoṣo ni ó bí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ikú Olúwa wa, àwọn ẹ̀yà tí à ń pè ní Angles, Saxons àti Jutes gba ojú òkun wá láti etí òkun Jámánì àti Dẹ́ńmáàkì, wọ́n sì tẹ̀dó sí ilẹ̀ náà. Èdè wọn ni ìpìlẹ̀. Ní ọdún 597, Augustine dé ilẹ̀ Kent láti Róòmù pẹ̀lú ìhìnrere, èdè Látìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé nípasẹ̀ ìjọ. Ní ọdún 793, àwọn ará Àríwá tí ń fi ọkọ̀ ojú omi jagun kọlu ilé àwọn mọ́ńkì ní erékùṣù Lindisfarne. Lẹ́yìn èyí púpọ̀ nínú wọn jókòó sí ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, wọ́n sì bá àwọn onílẹ̀ gbé. Ní ọdún 1066, William, olórí àwọn ará Normandy, ṣẹ́gun gbogbo ilẹ̀ náà. Láti ọjọ́ náà títí fún nǹkan bí 300 ọdún, èdè Faransé ni èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́. Ọdún 1362 ni a tó ṣe òfin pé kí a máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù, nítorí pé àwọn ènìyàn kò gbọ́ èdè tí a fi ń dá wọn lẹ́jọ́.

Apá ìṣẹ́gun náà hàn nínú èdè títí di òní. Bí màlúù bá ń jẹ koríko nínú oko, “ox” ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ ni. Bí ó bá dé orí tábìlì, ó di “beef”, ọ̀rọ̀ Faransé. Bẹ́ẹ̀ ni àgùntàn jẹ́ “sheep” nínú agbo, ṣùgbọ́n “mutton” nínú àwo. Ẹni tí ó ń sin ẹran fi èdè tirẹ̀ pè é. Ẹni tí ó ń jẹ ẹran fi èdè tirẹ̀ pè é pẹ̀lú. Kí èyí má ṣe yà wá lẹ́nu. Àwa náà ń gba “àdúrà”, a ń gbọ́ “ìwàásù”, a sì ń pe olùṣọ́-àgùntàn wa ní “àlùfáà”, bẹ́ẹ̀ sì ni láti inú èdè Lárúbáwá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá, nípasẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tí ó ti wà láàárín wa kí ìhìnrere tó dé. Kò sí èdè kan lórí ilẹ̀ tí kò yá nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ní ọdún 1476, William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Westminster. Ní ọdún 1526, William Tyndale tẹ Májẹ̀mú Titun jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Jámánì, nítorí tí a kò gbà fún un nílé. Ní ọdún 1536 a pa á nítorí iṣẹ́ yìí. Ìwé Àdúrà Gbogbogbòò jáde ní ọdún 1549. Ní ọdún 1604, ní ìpàdé Hampton Court, Ọba James fi ọwọ́ sí i pé kí a tún Bíbélì túmọ̀. Nǹkan bí 47 àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó ṣe iṣẹ́ náà, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1611. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò mọ̀: àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Tyndale ni wọ́n pa mọ́. Nítorí náà èdè inú Bíbélì ti ọdún 1611 ti dàgbà kí a tó tẹ̀ ẹ́, ó sì ti lé ní 400 ọdún nísinsin yìí.

II. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn ti yí padà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ tí ó dá ìjà sílẹ̀. “Prevent” wá láti inú èdè Látìnì. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó para pọ̀ di í: èkíní ni “níwájú”, èkejì ni “wá”. Ẹni tí ó bá “prevent” ẹlòmíràn ní ayé àtijọ́ ni ẹni tí ó dé ṣáájú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì ṣáájú wa dé ojú ọ̀nà, ó lè dínà mọ́ wa. Láti ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ti òde òní ti yọ, tí ó sì lé ti àtijọ́ jáde. Nínú Sáàmù 119, ẹsẹ 147, onísáàmù lo ọ̀rọ̀ yìí fún ara rẹ̀ àti òwúrọ̀. Kò sí ènìyàn tí ó lè dí òwúrọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà lè jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú Ìwé Àdúrà pẹ̀lú, a bẹ Ọlọ́run pé kí ó “prevent” wa nínú gbogbo iṣẹ́ wa. Bí a bá fi etí òde òní gbọ́ ọ, a ó rò pé a ń bẹ̀ ẹ́ kí ó dá iṣẹ́ wa dúró! Ohun tí a ń tọrọ ni pé kí ó ṣáájú wa. “Ṣáájú” ni Bíbélì Yorùbá wí, òtítọ́ ni ó sì wí.

Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí dídínà ní ayé ìgbà náà ni “let”. Èyí ṣòro fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti gbà, nítorí pé “jẹ́ kí” ni a kọ́ ọ pé “let” jẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà ní àtètèkọ́ṣe, ìró wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan jẹ́ láti fi ènìyàn sílẹ̀ kí ó lọ, èkejì jẹ́ láti fà á sẹ́yìn kí ó pẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìró méjèèjì di ọ̀kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi ń sọ ohun kan àti òdìkejì rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́. Ọ̀kan ní láti kú. Ti ìdènà ni ó kú. Síbẹ̀ ó ṣẹ́ kù sí inú ìwé ìrìnnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti ń bẹ àwọn aláṣẹ ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ kọjá láìsí “let”. Nínú Episteli kejì sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí kejì, ẹsẹ keje, ìtumọ̀ àtijọ́ yìí ni ó wà níbẹ̀. Ìdènà sì ni Bíbélì wa kọ.

“Suffer” lónìí jẹ́ láti jìyà. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní Látìnì ni láti ru ẹrù lábẹ́. Ẹni tí ó ru ohun kan láìsọ̀rọ̀ ti gbà á láàyè. Nítorí náà “suffer” jẹ́ láti jìyà, ó sì tún jẹ́ láti gbà fún ènìyàn. Nígbà tí Olúwa wí ní ti àwọn ọmọ kékeré, kò wí pé kí wọ́n jìyà. Ó wí pé kí a gbà fún wọn, kí a jẹ́ kí wọ́n wá.

“Quick” lónìí jẹ́ ohun tí ó yára. Ní àtijọ́ “alààyè” ni. Ohun tí ó ní ẹ̀mí a máa mira; ohun tí ó ń mira a máa yára; bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ ṣe rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí wọ́n sì dé ibi ìdájọ́ “quick” àti òkú, kì í ṣe àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá ni wọ́n ń sọ. Ó dára fún wa pé a ń wí pé “alààyè àti òkú”, tí ọmọdé àti àgbà sì mọ ohun tí à ń wí. Ara ìtumọ̀ àtijọ́ yìí náà ni orúkọ irin tí ń ṣàn bí omi tí wọ́n ń pè ní “quicksilver”, èyíinì ni fàdákà alààyè.

“Ghost” ń kó ìpayà bá ọmọdé lónìí, nítorí pé òkú tí ń rìn lóru ni wọ́n fi ń pè. Ṣùgbọ́n èémí àti ẹ̀mí ni ní ìpìlẹ̀, ó sì bá ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jámánì ń lò fún ẹ̀mí títí di òní tan. Ìdí nìyí tí a fi ń rí i nínú orúkọ Ẹni Kẹta nínú Mẹ́talọ́kan nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Àwọn baba wa kò kọ iwin, wọn kò kọ òkú-ọ̀run. “Ẹ̀mí Mímọ́” ni wọ́n kọ.

“Meat” lónìí ni ẹran. Ní ọdún 1611, gbogbo ohun jíjẹ ni. Ẹ wo Jẹ́nẹ́sísì, orí kìíní, ẹsẹ 29, níbi tí a ti fi ewébẹ̀ àti èso igi fún ènìyàn fún “meat”. Ẹ tún wo Léfítíkù, orí kejì, níbi tí a ti kọ́ni bí a ti ń rú ẹbọ tí a pè ní “meat offering”. Ìyẹ̀fun, òróró àti tùràrí ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹran rárá. Bí àwọn olùtumọ̀ wa bá ti pè é ní ẹbọ ẹran, gbogbo orí náà ìbá ti dàrú. Ẹbọ ohun jíjẹ ni wọ́n pè é. “Corn” pẹ̀lú, tí ó di àgbàdo lẹ́nu àwa tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọkà irú èyíkéyìí ní ilẹ̀ wọn. Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Àwọn ọmọ Jékọ́bù kò lè lọ rà á ní Íjíbítì.

“Conversation” lónìí ni ìtàkùrọ̀sọ. Ní ìgbà náà, bí ènìyàn ti ń gbé pẹ̀lú ẹlòmíràn ni, èyíinì ni ìwà rẹ̀. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ tó nínú Episteli kìíní ti Pétérù, orí kẹta, ẹsẹ kìíní, níbi tí ó ti ń sọ fún àwọn aya bí wọn yóò ṣe jèrè ọkọ tí kò gbàgbọ́. Ẹni tí ó bá fi ìtumọ̀ òde òní kà á yóò rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu púpọ̀ ni Pétérù ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni láìsọ̀rọ̀ ni ó ní kí wọ́n fi ìwà jèrè wọn.

“Charity” ní ìtàn tirẹ̀. Látìnì ni, ó sì jẹ́ ìfẹ́. Tyndale kò lò ó ní ọdún 1526. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí gbogbo ará oko mọ̀, “love”, ni ó kọ sí Kọ́ríńtì kìíní, orí kẹtàlá. Sir Thomas More, ọ̀mọ̀wé ńlá, bá a wí gidigidi nítorí èyí. Àwọn ti ọdún 1611 padà sí “charity”. Àwọn tí ó tún Májẹ̀mú Titun ṣe ní ọdún 1881 sì tún padà sí ọ̀rọ̀ Tyndale. Láàárín ìgbà náà “charity” ti dínkù, ó ti di owó tí à ń sọ sínú igbá alágbe. Ẹni tí ó bá kà á bẹ́ẹ̀ yóò ṣe kàyéfì pé báwo ni ènìyàn ṣe lè fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ bọ́ àwọn tálákà, kí Pọ́ọ̀lù sì wí pé kò ní “charity”. Ẹni tí ó ń ka “ìfẹ́” ní Yorùbá kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀.

III. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gòkè àti àwọn tí ó ṣubú

Kì í ṣe inú Bíbélì nìkan ni ọ̀rọ̀ ti ń pààrọ̀ ipò. Bí ọmọ ọba ti ń di ẹrú, tí ẹrú sì ń di olóyè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. “Knave” àti “knight” jọ jẹ́ ọmọkùnrin tí ń ṣe ìránṣẹ́ ní àtètèkọ́ṣe. Ọ̀kan bá ọba lọ sí ogun lórí ẹṣin, ó sì di orúkọ oyè. Èkejì jókòó sí ìdí iṣẹ́ ilé, ó sì di orúkọ àwọn ẹlẹ́tàn. “Villain”, tí ó jẹ́ ìkà ènìyàn lónìí, kò jẹ́ ohun kan ju ẹni tí ń ro oko ọlọ́lá lọ. Àwọn ọlọ́lá ni ó ń kọ ìwé, àwọn ni ó sì ń gàn án, títí tí orúkọ àgbẹ̀ fi di orúkọ ọ̀daràn. Ó yẹ kí a fi èyí kọ́gbọ́n: nígbà tí à ń pe ẹnìkan ní ará oko, ẹ̀gàn wo ni a fi ń kún un?

“Lord” gòkè ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó para pọ̀ di í ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: búrẹ́dì àti olùṣọ́. Olúwa ilé ni ẹni tí ń ṣọ́ oúnjẹ ilé. “Lady” sì ni ẹni tí ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì náà. Àwọn ọlọ́lá obìnrin tí ń jẹ́ orúkọ yìí lónìí kì í fi ọwọ́ kan ìyẹ̀fun mọ́.

“Silly” ni ó ṣubú jù. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹni ìbùkún ni. Ẹni ìbùkún jẹ́ aláìlẹ́ṣẹ̀. Aláìlẹ́ṣẹ̀ ni a máa ń rẹ́ jẹ. Ẹni tí à ń rẹ́ jẹ a máa ṣeni láàánú. Lẹ́yìn èyí ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì di òmùgọ̀. “Gossip” jẹ́ òbí ìrìbọmi, ẹni tí ó di ìbátan wa nínú Ọlọ́run. Àwọn obìnrin tí ó jẹ́ ìbátan bẹ́ẹ̀ a máa péjọ ní ilé ìkúnlẹ̀ láti bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ni orúkọ ọlọ́wọ̀ yìí ti di olófòófó. “Bead” jẹ́ àdúrà. Nítorí pé àwọn Kristẹni ìgbà náà ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ka iye àdúrà tí wọ́n gbà, orúkọ àdúrà bọ́ sórí ìlẹ̀kẹ̀.

Àwọn ènìyàn mímọ́ pàápàá kò bọ́. Etheldreda, ọmọ ọba tí ó di olórí ilé àwọn obìnrin olùfọkànsìn ní Ely, kú ní ọdún 679. Audrey ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ní ọjọ́ ìrántí rẹ̀, ọjà ńlá a máa kún, níbi tí a ti ń ta ọ̀já ọrùn olówó pọ́ọ́kú tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Láti inú “Saint Audrey” ni “tawdry” ti yọ, èyí tí ó jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ yẹpẹrẹ. Ilé àwọn mọ́ńkì tí a fi orúkọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù pè, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1247, di ilé tí a ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Láti inú orúkọ ìlú tí a bí Olúwa sí ni “bedlam” ti wá, èyí tí ó jẹ́ ariwo àti ìdàrúdàpọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ń ru ìbùkún láìmọ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé “goodbye”, ó ń wí pé kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ Ọlọ́run mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. “Gospel” pẹ̀lú jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì ní ìpìlẹ̀: rere àti ìhìn. Etí Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò gbọ́ “rere” níbẹ̀ mọ́, kò sì gbọ́ “ìhìn”. Orúkọ lásán ni ó kù. Àwa tí à ń wí pé “ìhìnrere” ń gbọ́ méjèèjì nígbàkúgbà tí a bá dá a.

IV. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì wa

Nísinsin yìí a lè padà sí ẹ̀sùn náà. Báwo ni a ṣe mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́ ní 400 ọdún sẹ́yìn? Nípa kíkó àwọn ibi tí a ti lò ó jọ, láti ọdún dé ọdún, ni. Samuel Johnson ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tirẹ̀ jáde ní ọdún 1755. Ní ọdún 1857, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ èdè ní Lọ́ńdọ̀nù gbèrò iṣẹ́ tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí a wá ìtàn gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ tí ó ti kọ́kọ́ hàn nínú ìwé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń ka ìwé àtijọ́ ní ilé wọn, tí wọ́n ń da ibi tí wọ́n bá rí ọ̀rọ̀ kọ sórí ìwé pélébé, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́. James Murray tí ó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà kú ní ọdún 1915 láìrí òpin rẹ̀. Ọdún 1884 ni apá kìíní ìwé náà jáde; ọdún 1928 ni ó parí.

Kí òǹkàwé fi ọdún 1884 sọ́kàn. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoogùn, tí a kó lẹ́rú, tí a sì gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún 1822, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Ó fẹ̀ ẹ́ sí i ní ọdún 1852, ó sì fi àwọn òwe ṣe àpẹẹrẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1850, Episteli sí àwọn ará Róòmù jáde ní èdè wa. Òun àti Thomas King, àti àwọn mìíràn tí ó bá wọn ṣe é, ń bá iṣẹ́ náà lọ, títí gbogbo Bíbélì fi parí ní ọdún 1884. Èyí ni pé ní ọdún náà gan-an tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí apá kìíní ìwé tí yóò sọ ìtàn ọ̀rọ̀ wọn fún wọn, àwọn baba wa ti parí iṣẹ́ tiwọn. Wọn kò rí ìwé ńlá náà lò.

Báwo ni wọ́n ṣe yẹra fún àwọn kòtò tí a ti kà sílẹ̀ lókè yìí? Crowther ti kọ́ èdè Gíríìkì, kò sì gbára lé Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti di àdììtú, Gíríìkì kò yí padà. Lọ́nà kejì, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í dá dúró, bí kò ṣe pẹ̀lú àwọn tí ó yí i ká. A kò wí pé wọn kò ṣe àṣìṣe níbì kankan. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí kò ní àbàwọ́n, àwọn tí ó tẹ̀lé wọn sì ti tún ibi púpọ̀ ṣe. Ohun tí a wí ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì òde òní ṣe òṣùwọ̀n fún wọn. Ọmọ tí ó bá fi ìwọ̀n ọjà tòní wọn ẹrù tí baba rẹ̀ tà ní ìjọ́sí yóò pe baba rẹ̀ ní olè.

V. Ọ̀rọ̀ tiwa

Èdè wa náà kò dúró sójú kan. Nígbà tí a bá wí pé “ọ̀kẹ́ àìmọye”, mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó mọ̀ pé ọ̀kẹ́ ni àpò owó ẹyọ 20,000? “Ọ̀sẹ̀” jẹ́ ọjọ́ ìsìn òrìṣà tí ń yípo ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, tí àwọn baba wa ń kà sí márùn-ún. Lónìí ọjọ́ méje ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ìjọ pàápàá sì ń lò ó láìbẹ̀rù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀: orúkọ òrìṣà àtijọ́ wọn Woden ṣì wà nínú “Wednesday”, kò sì sí ẹni tí ń bọ ọ́.

Ohun ìyanu mìíràn ni pé ọ̀rọ̀ lè kú sí ìlú rẹ̀, kí ó sì máa wà láàyè ní ilé àlejò. Ní ọdún 1971 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pa ètò owó wọn àtijọ́ rẹ́, “shilling” àti “sixpence” sì di ohun ìtàn. Nàìjíríà náà fi náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Síbẹ̀ ẹ lọ bá àwọn ìyá wa àgbà sọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ “ṣílè”, ẹ ó gbọ́ “sísì”, ẹ ó gbọ́ “tọ́rọ́”, èyí tí í ṣe pẹ́nì mẹ́ta. Kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀ ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún irin bàbà tí a fi ń rọ pẹ́nì. Ẹnu tiwa ni ó sọ ọ́ di kọ́bọ̀, ìjọba sì gbé e padà sórí owó.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a fi ń parí ọ̀rọ̀ wa. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bá ṣòro láti gbà gbọ́, kí a kọ́kọ́ fura sí ọ̀rọ̀ tí a rò pé a mọ̀. Bí Bíbélì méjèèjì kò bá ṣe déédéé, kí a wádìí ọdún tí a tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó dá ẹnìkan lẹ́bi. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó bá ní àgbà nílé jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti gègé, kí ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá gbọ́ sílẹ̀ àti ibi tí a ti lò wọ́n, nítorí pé bí àgbà bá lọ, kò sí ẹni tí a ó bi léèrè mọ́.

A ti wá ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí, a sì ti fi gbogbo èyí hàn án. Ó dúpẹ́, ó sì ní òun yóò tọ bàbá olùkọ́ lọ láti tọrọ àforíjì. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn, bàbá ní kí ó jókòó, kí ó sì ka ẹsẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i fún àwọn, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá.